Pátákó Pupa Lẹ́nu Ọ̀nà

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú iṣẹ́ maṣíìnì. Ọjọ́ mẹ́wàá nìyí tí mo ti dé síbi iṣẹ́ tuntun yìí. Ọjọ́ mẹ́rin la lò nínú ọkọ̀ ojú omi, mo bì fún mẹ́ta nínú ẹ̀, ìyẹn sì ti kọjá. Ara mi le.

Ẹ ní kí n ṣàlàyé gbogbo nǹkan, kí n má kọ lẹ́tà onílà méjì bí ìṣe mi. Ó dáa. Erékùṣù tí ilé ìwádìí wà yìí kò ní igi kankan. Àpáta ni, koríko ni, atẹ́gùn ni, òkun ló sì yí gbogbo ẹ̀ ká. Ilé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ilé onípákó gígùn kan, àwa mẹ́sàn-án là ń gbé inú ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà ni ọkọ̀ máa ń gbé oúnjẹ àti lẹ́tà wá, bí òkun bá gbà fún un. Á já ẹrù sílẹ̀, á kọjá lọ sí àwọn erékùṣù iwájú, á wá yà gba lẹ́tà wa lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì bó bá ń padà. Torí náà, bí ẹ kò bá tètè gbúròó mi, ẹ má pariwo.

Iṣẹ́ mi ni ẹyẹ òkun. Wọ́n máa ń gbẹ́ ihò sínú ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, ibẹ̀ ni wọ́n ń yé sí. Lọ́dún yìí, màá fi òrùka sí wọn lẹ́sẹ̀, màá sì kọ nọ́ńbà ihò kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Lọ́dún tó ń bọ̀, màá wo àwọn tó padà sí ihò wọn. Bí mi ò bá sí níbí lọ́dún kejì, asán ni iṣẹ́ ọdún àkọ́kọ́, torí kò sẹ́ni tó mọ àwọn ihò yẹn àfi èmi.

Ní ti yàrá, èmi àti ẹni tó ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì iná la jọ ń gbé. Ẹ́ńjìnnì náà ni gbogbo èèyàn ń pè é. Èèyàn dáadáa ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó sì máa ń súfèé. Ó ń súfèé bó bá ń wọ bàtà, ó ń súfèé bó bá ń bọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀dì wa wà lórí ara wọn, tèmi ló wà nísàlẹ̀. Bí mo bá na ọwọ́ kan, ó kan ògiri. Bí mo bá na ìkejì, ó kan aṣọ iṣẹ́ ẹ̀ tó fi kọ́. Wọ́n ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ é fò láì fara kanra. Ẹni tó pa òwe yẹn ò tíì dé yàrá wa.

Ẹ jọ̀ọ́, ohun kan ni mo fẹ́. Ẹ bá mi rán kọ́tìnnì kan tó nípọn, tí màá fi bo iwájú bẹ́ẹ̀dì mi. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ní gígùn, mẹ́rin ní ìbú. Àwọ̀ tó bá wù yín ni.

Àbúrò yín


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin

Bàbá Jẹ́jẹ́, ọmọ ìyá mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo kà á sókè fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, wọ́n ní kí n kí ọ. A dúpẹ́ pé o dé. Èébì ò pààyàn.

Àmọ́ mo ní ẹjọ́ kan láti bá ọ rò. Ihò ẹyẹ lo fi kún ìwé. Èèyàn mẹ́sàn-án lẹ wà nílé, ẹnì kan péré lo sọ̀rọ̀ ẹ̀, ohun tó o sì rí sọ nípa ẹ̀ kò ju pé ó ń súfèé. Àwọn yòókù ńkọ́? Ṣé wọn ò lórí ni?

Kọ́tìnnì: mi ò rán an, má bínú. Ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbé yàrá kan, tó o wá fi aṣọ dí i lójú, kí lo fẹ́ kó rò? Èèyàn laṣọ mi, ohun tí ìyá wa máa ń wí nìyẹn, èmi tí mò ń ránṣọ jẹun sì gbà pé òótọ́ ni. Fìlà mẹ́sàn-án ni mo rán dípò ẹ̀. Wọ́n nípọn, wọ́n sì bo etí. Fi ọwọ́ ara rẹ pín in. Má kàn gbé páálí sórí tábìlì kí o sì sá lọ. Mo mọ̀ ọ́.

Mo fi lẹ́tà kékeré kan sínú páálí náà fún ọ̀gá yín. Mo kàn kí i ni.

Ṣé ò ń jẹun? Ta lo sì ń bá jẹun? Dá mi lóhùn méjèèjì.

Ẹ̀gbọ́n rẹ


Ọjọ́ kẹta, oṣù karùn-ún

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Páálí dé, mo sì pín fìlà náà fúnra mi. Ẹ́ńjìnnì kì í bọ́ tiẹ̀ mọ́. Orí Kúùkù wa tóbi, kò wọ̀ ọ́, ó ń fi tiẹ̀ bo ìkòkò tíì kó má bàa tutù. Gbogbo wọn ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Mò ń jẹun. Ẹni tí mò ń bá jẹun gan-an ni ọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ kejì tí páálí yín ti dé, mi ò dá jẹun rí. Ọ̀gá kọ ìwé ètò kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá ìjẹun: ẹni tó máa jókòó tì mí lọ́jọ́ Ajé, ẹni tó máa jókòó tì mí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, títí ọ̀sẹ̀ á fi parí. Bí a bá jẹun tán, lúdò. Bí mo bá dìde lọ fọwọ́, ẹnì kan á tẹ̀ lé mi, á bi mí pé ṣé kò sí nǹkan. Tìfẹ́tìfẹ́ ni wọ́n ń ṣe é, ìyẹn ló jẹ́ kó le. Mi ò ríbi bínú sí. Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ kọ sí ọ̀gá?

Ẹ má rò pé mo kórìíra wọn. Bí mo bá pẹ́ láàárín èèyàn, ṣe ló máa ń rẹ̀ mí bí ẹni tó ru ẹrù. Bí mo bá dá wà fún wákàtí kan, mo ti sọ ẹrù kalẹ̀ nìyẹn, mo lè padà lọ bá wọn rẹ́rìn-ín. Wákàtí yẹn ni mi ò rí mọ́.

Àmọ́ mo ti wá ọgbọ́n sí i. Lẹ́nu ọ̀nà ilé wa, pátákó kéékèèké mẹ́sàn-án ló rọ̀ sórí ìṣó, ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀. Ojú kan funfun, ìyẹn ni pé o wà nílé. Ojú kejì pupa, o wà níta. Bí o bá ń jáde, o yí i. Bí o bá wọlé, o yí i padà. Òfin tó le jù nílé yìí nìyẹn, torí kùrukùru máa ń bo òkè láìròtẹ́lẹ̀. Ohun tí mò ń ṣe ni pé, bí mo bá ti ọ̀dọ̀ ẹyẹ dé, n kì í yí tèmi padà. Màá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, màá wọ yàrá tí wọ́n ń kó oúnjẹ sí, màá jókòó sẹ́yìn àwọn páálí ẹ̀wà alágolo. Kò sẹ́ni tó máa wá mi, torí wọ́n gbà pé mo wà lọ́dọ̀ ẹyẹ. Wákàtí kan péré. Lẹ́yìn náà, màá jáde, màá yí pátákó, màá wá ta lúdò.

Mo ti fi òrùka sẹ́sẹ̀ ẹyẹ igba ó lé méjìlá. Iṣẹ́ ń lọ dáadáa.

Àbúrò yín


Ogúnjọ́, oṣù karùn-ún

Bàbá Jẹ́jẹ́,

O kú ìnira. Mi ò ní pa ọ́ nírọ́, ohun tí mo kọ sí ọ̀gá yín nìyí: "Ọ̀gá, àbúrò mi kì í sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìyá wa kú, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ó wọ yàrá, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún oṣù kan, ó sì ti rù kan egungun kí n tó fura. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó dá wà." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣé irọ́ ló wà níbẹ̀? Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà náà, èmi ni mo pọ̀n ọ́ lọ sílé ìwòsàn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo ti fi ojú mi rí i.

Ọ̀rọ̀ pátákó yẹn ni mo fẹ́ bá ọ jà lé lórí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á, ara mi sì bù máṣọ. Má ṣe é mọ́. Bí o bá wà nílé, tí pátákó rẹ ní o wà níta, lọ́jọ́ tí kùrukùru bá bolẹ̀, àwọn ọmọ ọlọ́mọ á jáde lọ wá ọ níbi tó ò sí. Bó bá sì jẹ́ pé o wà níta lóòótọ́, tí o ṣubú, wọ́n á ní, "Ó ti mọ́ ọn lára, ó máa tó dé." Èwo ló dáa níbẹ̀? Lọ́jọ́ tí lẹ́tà yìí bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, lọ bá ọ̀gá yín, kí o sọ fún un.

Mo ti rán kọ́tìnnì náà, ó wà nínú páálí yìí. Mo ṣàṣejù lórí ìyẹn, mo gbà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ


Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ọkọ̀ ò tíì dé, òkun ń ru. Bí ẹ bá ti kọ lẹ́tà, mi ò tíì rí i. Hẹlikópítà ló máa gbé èyí wá. Ẹ́ńjìnnì ló wá gbé lọ sílé ìwòsàn. Èmi ni mo fà á.

Lọ́jọ́ Ẹtì, aago méjì ọ̀sán kọjá díẹ̀, mo wà lẹ́yìn páálí. Pátákó mi wà ní pupa. Oorun gbé mi lọ. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta, kùrukùru bolẹ̀, Ọ̀gá sì lọ wo ẹnu ọ̀nà. Gbogbo pátákó ló funfun àfi tèmi. Wọ́n dúró dè mí di aago mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, àwọn méje mú okùn àti tọ́ọ̀ṣì, wọ́n jáde, wọ́n fi Kúùkù sílẹ̀ kó máa lu agogo.

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, àmọ́ agogo ò jí mi. Aago márùn-ún ni mo jí, mo jáde lọ bu tíì. Kúùkù wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó wò mí, ó wo pátákó.

Ó ní, "Níbo lo ti ń bọ̀?"

Mo ní, "Yàrá oúnjẹ."

Ó yíjú padà, ó wá ń lu agogo yẹn bíi pé ó fẹ́ fọ́ ọ.

Èèyàn mẹ́fà ló padà. Ẹ́ńjìnnì ti yọ̀ sínú kòtò àpáta kan nítòsí àwọn ihò ẹyẹ, níbi tó rò pé mo wà. Egungun itan ẹ̀ ṣẹ́. Aago méje kí a tó rí i, súfèé ẹ̀ la sì tẹ̀ lé débẹ̀. Nígbà tó rí mi láàárín àwọn tó fẹ́ gbé e, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Wọ́n ti rí ọ! A dúpẹ́. Mo ń súfèé kí o lè gbọ́, kí ẹ̀rù má bà ọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi, kò tíì mọ̀ nígbà yẹn. Èmi ni mo sọ fún un láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nínú yàrá Ọ̀gá tí a tẹ́ ẹ sí. Ó yíjú sógiri títí hẹlikópítà fi dé láàárọ̀ yìí.

Ọ̀gá ní bí ọkọ̀ bá dé, gbogbo ilé á jókòó, kálukú á sọ bóyá kí n dúró tàbí kí n bá ọkọ̀ lọ. Èmi náà gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀, èmi láàárín èèyàn méje. Bí wọ́n bá lé mi, àwọn ẹyẹ yẹn á padà wá, kò ní sẹ́ni tó máa kà wọ́n. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa láyé mi nìyí, ẹ̀rù sì ń bà mí gan-an.

Mo fẹ́ sọ ohun kan fún yín tí mi ò lè sọ fún ẹlòmíì. Láti ọjọ́ méjì yìí, èmi nìkan ni mo ni yàrá. Ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Mò ń gbádùn ẹ̀, ojú sì ń tì mí.

Àbúrò yín


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹfà

Ọmọ ìyá mi,

Mo ti kọ lẹ́tà kan ṣáájú èyí nítorí pátákó yẹn. Bí méjèèjì bá jọ dé, kọ́kọ́ ka ti ìṣáájú, kí o mọ̀ pé mo sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ya á dànù. Àkókò ẹ̀ ti kọjá.

Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Itan á jinná. Ẹjọ́ náà kì í ṣe tìẹ nìkan: ìwọ lo fi pátákó purọ́, èmi ni mo lé ọ dé ẹ̀yìn páálí. Ká ní mo rán kọ́tìnnì lọ́jọ́ tó o béèrè, tí mo sì pa ẹnu mi mọ́, bóyá bàbá yẹn ṣì ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì rìn. Mo ti sunkún lórí ẹ̀. Mo sunkún sórí aṣọ oníbàárà, mo tún ní láti fọ̀ ọ́.

Mi ò kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni lọ́tẹ̀ yìí. Ọwọ́ ń yún mi, àmọ́ mi ò kọ ọ́. Ẹnu rẹ ni kí o fi sọ ọ́. Bí o bá dìde, má ṣèlérí fún wọn pé wàá di aláwàdà. Irọ́ ni, wọ́n á sì mọ̀. Sọ ọ̀rọ̀ ẹrù tó o sọ fún mi yẹn fún wọn. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí a ti jọ ń gbé, mi ò mọ ìyẹn nípa rẹ àfìgbà tí o kọ ọ́ sínú ìwé. Gbogbo ìgbà tó o bá ti ilẹ̀kùn, mo rò pé ò ń bínú sí mi ni.

Ó tún ku nǹkan kan. Inú mi á dùn bí wọ́n bá lé ọ wálé. Mo mọ̀ pé kò dáa kéèyàn sọ ọ́, àmọ́ ohun tó wà nínú mi nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù keje

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú àìsùn nítorí mi. Lẹ́tà yín méjèèjì dé lọ́jọ́ kan náà, àti kọ́tìnnì. Mo ka ti ìṣáájú gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí. Mi ò ya á.

Lọ́jọ́ kejì tí ọkọ̀ já ẹrù, a jókòó lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ọ̀gá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní òun náà jẹ̀bi, pé òun gba lẹ́tà kan, òun sì sọ ọ́ di òfin láì bi ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Ó ti já ìwé ètò yẹn kúrò lára ògiri. Ó wá ní kí n sọ tèmi. Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde.

Mo ní, "Mi ò kórìíra yín. Àárín èèyàn máa ń rẹ̀ mí bíi kéèyàn ru ẹrù, mo sì máa ń fẹ́ ibi tí màá sọ ọ́ kalẹ̀ sí fún wákàtí kan lójúmọ́. Ó yẹ kí n ti sọ fún yín. Dípò kí n sọ ọ́, mo fi pátákó purọ́ fún yín, ẹlòmíì ló sì jìyà ẹ̀. Mi ò lè ṣèlérí pé màá di ẹlòmíì. Ibi tí pátákó mi bá ní mo wà, ibẹ̀ lẹ máa bá mi. Ìyẹn ni mo lè ṣèlérí."

Ni mo bá jókòó. Láti ìgbà tí mo ti dé erékùṣù yìí, mi ò tíì sọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀.

Èèyàn mẹ́ta ní kí n dúró. Mẹ́ta ní kí n máa lọ. Kúùkù wà lára wọn, ó ní òun ò tíì gbàgbé ọjọ́ agogo. Ọ̀gá ò dá sí i. Ó yọ ìwé kan jáde tí Ẹ́ńjìnnì kọ láti ilé ìwòsàn, tí ọkọ̀ gbé wá, ó kà á sókè: "Ẹ jẹ́ kó dúró ka àwọn ẹyẹ ẹ̀. Àmọ́ bí mo bá padà dé, mi ò bá a gbé yàrá mọ́." Bó ṣe di mẹ́rin sí mẹ́ta nìyẹn.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá bi wọ́n pé ta ló máa wá gbà mí sí yàrá. Gbogbo wọn ń wo tábìlì. Kúùkù, tó ní kí n máa lọ, ló wá lanu: "Kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Bó bá wà lábẹ́ ojú mi, màá mọ ibi tó wà." Mo ti kó lọ síbẹ̀. Ó máa ń bá ara ẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa búrẹ́dì bó bá ń múra iṣẹ́ láàárọ̀. Láti aago méjì sí aago mẹ́ta ọ̀sán, yàrá oúnjẹ di tèmi, gbogbo ilé ló sì mọ̀.

Lẹ́tà tí mo kọ sí Ẹ́ńjìnnì wà nínú àpò kan náà pẹ̀lú èyí. Mo tọrọ àforíjì. Mi ò retí pé kó fèsì.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní inú yín á dùn bí wọ́n bá lé mi. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Kí ló ń ṣe yín nílé?

Àbúrò yín


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹjọ

Bàbá Jẹ́jẹ́,

O kú oríire. Mo sọ fún àwọn ọmọṣẹ́ mi pé àbúrò mi dìde sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn méje, wọ́n ní irọ́ ni. Kí Kúùkù náà kú sùúrù. Ó yé mi bó ṣe rí lára ẹ̀.

Láti ọjọ́ tí a ti jẹ́ ọmọ ìyá, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí wàá bi mí pé kí ló ń ṣe mí. Mo ti kọ èsì ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì ti ya á lẹ́ẹ̀mẹta. Ara mi le. Mò ń jẹun, mò ń ránṣọ. Àmọ́ aago márùn-ún làwọn ọmọṣẹ́ máa ń lọ, láti aago márùn-ún yẹn, mi ò mọ ohun tí màá fi ara mi ṣe. Nígbà tí o wà nílé, o kì í sọ̀rọ̀, o kì í jáde sí pálọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé èèyàn wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ní báyìí, mo máa ń tún aṣọ tí kò já rán, kí maṣíìnì lè máa dún.

Ọ̀rọ̀ tí mo kọ sí ọ̀gá yín lọ́jọ́sí, pé kí wọ́n má jẹ́ kí o dá wà, mo ti wá rí i pé ara mi ni mò ń sọ. Orúkọ rẹ ni mo fi kọ ọ́.

Má tìtorí èyí wálé. Bí o bá tìtorí ẹ̀ wá, mi ò ní ṣílẹ̀kùn fún ọ. Dúró parí iṣẹ́ rẹ. Ohun kan ni mo fẹ́ kí o ṣe fún mi, mi ò sì fi ṣe àwàdà rárá. Wákàtí kan tó o máa ń dá jókòó yẹn, kí lo máa ń ṣe nínú ẹ̀? Báwo lèèyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀? Kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bí ẹni tó ń kọ́ ọmọṣẹ́. Lọ́jọ́ tí lẹ́tà rẹ bá dé, bó bá ti di aago márùn-ún, màá jókòó, màá gbìyànjú ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ